Ìrìn Ọdẹ́rìndé sínú Igbó Ìgbàgbé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Ìwọ tí ò ń fi Bíbélì rẹ lé eṣinṣin lẹ́yìn yẹn, gbé e kalẹ̀. Ìwé mímọ́ kì í ṣe abẹ̀bẹ̀. Ìwọ tó o sì fi tìrẹ ṣe ìrọ̀rí, mo rí ọ o, ọlá àgbà ni mo fi bò ọ́ láṣìírí. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n ti fi ìwo gbé mi rí, mo sì jókòó sórí rẹ̀ mo ń jẹ obì mi lọ. Ìkookò kan wà nínú igbó tí mo fi pàṣán kọ́ ní ìwà ọmọlúàbí, títí dòní ló ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ bi ìkookò. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ tó láyà, tó lójú, tó sì gọ̀. Ẹ má fajú ro. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bíbélì Ọdẹ́rìndé tóbi bí àpótí ìjókòó. Awọ àgbọ̀nrín ló fi bò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbé e lé èjìká bí ẹni gbé ìbọn, á sì gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ síwájú kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àṣà kan sì wà nínú ìjọ wọn: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olúkúlùkù á kọ́ ẹsẹ kan sórí, á sì dìde sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Bó bá kan Ọdẹ́rìndé, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀yìn ìwé náà, pàì!

“Tèmi wà níbí. Kí ni mo fẹ́ máa da orí mi láàmú fún? Ṣé odídẹrẹ́ ni mí?”

Ìjọ á rẹ́rìn-ín, òun ni yóò sì rín in pẹ́ jù. Ẹni tí àká rẹ̀ kún tí kò dáná rí, ẹ̀rín ebi ló ń rín.

Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, kò ríran mọ́. Nítorí náà, etí àti àyà ló fi ń ka ìwé. Bó ti ń ṣa ẹ̀wà ni yóò máa sọ ọ̀rọ̀ Olúwa lábẹ́ ètè rẹ̀, ẹsẹ kan tẹ̀lé èkejì. Ọdẹ́rìndé á ní, “Màmá, ẹnu yín ti di ilé ìwé.” Ìyá á dá a lóhùn pé, “Ilé ìwé tí ọmọ mi kò wọ̀.”

Ó ṣe bí eré, àbúrò Ọdẹ́rìndé, Àkàngbé, lọ wá oyin nínú Igbó Ìgbàgbé, kò sì padà. Gbogbo ayé ló mọ igbó náà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á gbàgbé ọ̀nà, á gbàgbé ilé, á gbàgbé ara rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Àwẹ̀ró pe àkọ́bí rẹ̀.

“Ọmọ méjì ni mo bí. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ nínú ilé.”

“Màmá, mo ti ń múra. Màá mú un wá.”

“Kí lo mú dání?”

“Ìbọn mi, àdá mi, àti Bíbélì mi.”

“Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló wà nínú rẹ?”

“Iyán àárọ̀ yìí ni,” ni Ọdẹ́rìndé wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò bá a rín in. Ó kàn fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀ rí, ó fọwọ́ pa á, ó sì ní kó máa lọ.

Ní ẹnu ibodè Igbó Ìgbàgbé ni iwin kan jókòó sí, tí wọ́n ń pè ní Elétí-Ogójì. Kò ní ojú kankan. Etí ló hù sí i láti àtàrí dé àtàǹpàkò: etí ehoro, etí erin, etí àdán, etí ìyàwó tó ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Kí Ọdẹ́rìndé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kígbe.

“Ta ni ń bọ̀ gìdìgìdì bí òkété tó jẹ ẹ̀kúrọ́ yó?”

“Èmi Ọdẹ́rìndé ni! Èmi tí mò ń pa ẹran tí ẹran ń dúpẹ́! Èmi tí mo gbé odindi Bíbélì dání! Yàgò lọ́nà!”

“Ó dára. Dáhùn èyí. Oúnjẹ wo la ń jẹ tí kì í tán, tí a ń bù fún ẹlòmíràn tí kì í dín, tí olè kò lè jí, tí iná kò lè jó?”

Ọdẹ́rìndé ti gbọ́ èyí nínú ìwàásù rí. “Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.”

“O gbà á. Ebi ń pa mí. Bù ú fún mi jẹ.”

Ọdẹ́rìndé fọ́nnu, ó tú okùn awọ, ó ṣí ìwé náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣòro sọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gbọnra nù, ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ewé ìwé. Èkejì tẹ̀ lé e. Kí Ọdẹ́rìndé tó pajú dé, gbogbo wọn ti tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀ bí ìjàlọ, wọ́n gba orí apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì wọ inú ihò kan lọ. Ewé ìwé funfun báláú ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ogójì etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì fún ẹ̀rín. “Igbó Ìgbàgbé nìyí, ògbójú ọdẹ. Ohun tí kò bá sí nínú ènìyàn kì í bá a wọ ibí. Padà sílé.”

Ọlọ́gbọ́n ì bá padà. Ọdẹ́rìndé yọ àdá, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ iwin náà kọjá. Elétí-Ogójì kò dá a dúró. Ta ni ń dá ẹni tó fẹ́ já sí kòtò dúró?

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbàgbé orúkọ ajá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò pé ọmọ odó ni, ó sì ń wá odó káàkiri. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ẹni tó wá wá. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó gbìyànjú láti rántí orúkọ ara rẹ̀, kò rí i. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn igi tó yí i ká, bóyá ọ̀kan á jẹ́ tirẹ̀.

“Ìrókò?” Ó dákẹ́, ó ń gbọ́ bóyá ara òun á jẹ́ ẹ. Ara kò jẹ́ ẹ. “Àfàrà?” Ara dákẹ́. “Àyàn?”

“Rárá o,” ni ohùn obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. “Ìwọ kọ́ ni àyàn. Àyàn wúlò.”

Ìyá arúgbó kan ni, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín, agbọ̀n wà lórí rẹ̀. Ìyá Eléèédú ni wọ́n ń pè é. Ó ń wọ inú igbó náà lọ gé igi tí yóò fi sun èédú, ó sì ń jáde nígbà tó bá wù ú. Ó mú Ọdẹ́rìndé létí, ó wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Bí wọ́n ti kọjá ibodè ni orúkọ rẹ̀ padà wá, àbúrò rẹ̀ padà wá, ìtìjú náà sì padà wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun gbogbo.

“Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ lò tí igbó yìí kò fi mú yín?”

“Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì tó sì dúró ni. Ìwọ, o gbé ìsaasùn ká gbogbo ayé, o kò bu ọbẹ̀ lá.”

“Ẹ kọ́ mi.”

“Ẹsẹ kan lóòjọ́.”

“Ọdẹ ni mí, ìyá. Mi ò kì í pa ẹran lékìrí lékìrí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà!”

Ìyá Eléèédú wò ó láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, ó sì kó o fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọdẹ́rìndé ti ka Sáàmù mẹ́rin àti orí mẹ́ta nínú Mátíù sórí, ó ń yan káàkiri àgbàlá bí àkùkọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ní kó sọ ọ́.

“Nítorí náà…” ni Ọdẹ́rìndé wí. Ó wo òkè. Ó wo ilẹ̀. “Nítorí náà…”

“Nítorí náà kí ni?”

Kò sí èkejì. “Nítorí náà” nìkan ló sùn mọ́jú níbẹ̀.

Ìyá Eléèédú nawọ́ sí ewúrẹ́ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òrùlé. “Wo ẹran yìí. Ó fi kánjúkánjú já ewé, ṣùgbọ́n ó ti dùbúlẹ̀ báyìí, ó ń dà á padà sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ ní àpọ̀jẹ. Ìdí nìyí tó fi lọ́ràá. O kò tíì tó ewúrẹ́, Ọdẹ́rìndé. Bó o bá tó ewúrẹ́, a ó sọ̀rọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí dé egungun. Ṣùgbọ́n nítorí Àkàngbé, ó gbé àáké. Ìyá fún un ní gbólóhùn kan: Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní. Bó ti ń la igi ni ó ń sọ ọ́, bó ti ń pọn omi ni ó ń sọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kò ṣì í mọ́, ó sì lọ fi yangàn. Ìyá Eléèédú gbọ́ ọ tán, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìgbín tí Ọdẹ́rìndé ti ń retí láti òwúrọ̀, ó sì dà á sílẹ̀.

Ọdẹ́rìndé kígbe. Èébú tó bú kò ṣeé sọ níwájú ìjọ.

“Kí lo ní o kì yóò ṣe?” ni ìyá bi í.

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìgbín nínú erùpẹ̀.

“O ti kà á sórí ni, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Padà sídìí igi.”

Báyìí ló ṣe lo òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá fún un ní ẹsẹ nípa sùúrù, yóò rán an lọ fi agbọ̀n pọn omi. Bó bá jẹ́ nípa ahọ́n, yóò pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun kò sì gbọdọ̀ fèsì. Ìgbà kan wà tó sunkún lẹ́yìn ebu èédú, tó rò pé Àkàngbé ti kú, tó sì fẹ́ sáré wọ igbó bó ti wà. Ìyá kò dá a dúró, ó kàn bi í pé, “Ṣé ọmọ méjèèjì lo fẹ́ kí ìyá rẹ pàdánù?” Ó padà gbé àáké.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹsẹ méjìlá ló mọ̀. Méjìlá péré! Mo rí ẹ̀yin tó ń yínmú yẹn. Mélòó lẹ̀yin mọ̀? Ẹ má dáhùn, mo fẹ́ parí ìtàn mi lónìí.

Ọdẹ́rìndé kó iṣu sísun sínú àpò, ó padà sí ibodè. Elétí-Ogójì ní, “Ebi ń pa mí.” Ọdẹ́rìndé kò fọ́nnu mọ́. Ó jókòó ti iwin náà, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ nípa olùṣọ́ àgùntàn náà, nípa omi dídákẹ́ rọ́rọ́, nípa àfonífojì òjìji ikú. Bó ti ń sọ ọ́, àwọn etí náà ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé patanmọ́, bí etí ọmọ tó yó tó ń sùn lọ.

“Kọjá,” ni Elétí-Ogójì wí. “Ṣùgbọ́n níwájú, wàá bá àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Kí Ọlọ́run yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn.”

Àárín gbùngbùn igbó náà ni Ìlú Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán wà. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gbàgbé ohunkóhun. Ọmọ ọdún méje wọn lè ka ìran Ábúráhámù láìmí. Ìwé kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá kà sórí nínú Bíbélì, fìlà kan ni wọ́n máa ń gbé lé e lórí. Ẹlòmíràn dé ogún, ẹlòmíràn dé ogójì. Ọba wọn, Akàwémọ́lẹ̀, dé fìlà mẹ́rìndínláàádọ́rin, bó bá sì fẹ́ wọlé, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó lè ráyè kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Inú Ọdẹ́rìndé dùn. Ó rò pé òun ti dé ìlú àwọn ènìyàn mímọ́. Àfi bó ti rí obìnrin kan tó ṣubú lójú ọ̀nà, tí igi ìdáná rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin onífìlà ọgbọ̀n kan dé ibẹ̀, ó ń ka ìtàn ará Samáríà sókè ketekete. Ó gbẹ́sẹ̀ ga, ó rékọjá lórí obìnrin náà, ó sì ń kà á lọ. Èkejì dé, ó dúró, ó ní ẹni àkọ́kọ́ fo gbólóhùn kan. Òun náà rékọjá. Ọdẹ́rìndé ló gbé igi náà kúrò.

“Ẹ jọ̀ọ́, màmá,” ló wí, “àbúrò mi kan ń jẹ́ Àkàngbé. Ṣé ẹ ti gbúròó rẹ̀?”

“Kòtò ni kí o lọ wò,” ni obìnrin náà wí wúyẹ́wúyẹ́. “Àlejò tí kò bá rí ohunkóhun kà, kòtò ni wọ́n ń jù ú sí.”

Kòtò náà wà níwájú ààfin gan-an, ó jìn ju igi ọ̀pẹ kékeré lọ. Ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ ni wọ́n ń dà sí i lóòjọ́ fún ènìyàn mọ́kànlá. Ọdẹ́rìndé tọ ọba lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

“Bá mi ka ìwé,” ni Ọba Akàwémọ́lẹ̀ wí. “Bí mo bá ṣì í kà, kó o máa mú un lọ. Bí ìwọ bá ṣì í, kòtò ni.”

“Kábíyèsí, ẹsẹ méjìlá ni mo mọ̀.”

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń já bọ́. Ọba bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí oòrùn yọ títí ó fi rọ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó ń kà á bí omi òjò orí páànù, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, kò mí, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó kan àlejò.

Ọdẹ́rìndé la ẹnu. “Ebi pa mí…” ló wí, ó sì dúró.

“Ó ti gbàgbé!” ni wọ́n kígbe. “Ó ti ṣì í! Ìlú ewúrẹ́ wo ló ti wá?”

Kò gbàgbé. Ikọ́ kan ló gbọ́ láti inú kòtò, ikọ́ tó ti mọ̀ láti ìgbà èwe. Ó di àpò iṣu rẹ̀ mú, ó rìn dé etí kòtò, ó sì bẹ́ sínú rẹ̀.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó pín iṣu náà fún wọn. Àkàngbé gba tirẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀. “Ẹ ṣeun, bàbá. Ta ni yín?” Ọkàn Ọdẹ́rìndé gbọgbẹ́. Ó mú un lọ́wọ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún un díẹ̀díẹ̀: ebi pa mí, ẹ̀yin fún mi ní oúnjẹ, òùngbẹ gbẹ mí, mo jẹ́ àlejò. Àkàngbé ń gbè é lẹ́nu. Nígbà tó dé ibi àlejò, ó dúró.

“Obìnrin kan wà,” ló wí, “tó máa ń sọ èyí bó bá ń ṣa ẹ̀wà. Kì í ríran. Àwẹ̀ró… Màmá ni! Bọ̀dá mi! Bọ̀dá Ọdẹ́rìndé!” Ló bá gbá a mọ́ra, tiṣu-tiṣu lẹ́nu.

Ní òkè, inú ọba ru. Ó yọ orí síwájú lẹ́bàá kòtò. “Irọ́ ni! Kì í ṣe ‘ẹ̀yin fún mi’! ‘Ẹ̀yin SÌ fún mi’ ni! O jẹ ‘sì’ kan!” Bó ti ń nàka sísàlẹ̀, fìlà mẹ́rìndínláàádọ́rin tẹ̀ síwájú, ọrùn tẹ̀ lé fìlà, ọba tẹ̀ lé ọrùn. Gbì!

Àwọn ará ìlú sáré wá sétí kòtò. Wọ́n ka Ẹkún Jeremáyà. Kò sí ẹni tó rántí okùn.

Ọdẹ́rìndé ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gun ara wọn léjìká. Òun ló dúró sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó fúyẹ́ jù ló kọ́kọ́ jáde, òun ló sì já ìtàkùn sọ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jáde, títí ó fi ku ọdẹ àti ọba. Ọba ń wá ẹsẹ kan tí yóò gbá mú nínú gbogbo èyí tó mọ̀, kò rí ọ̀kan ṣoṣo. Ọdẹ́rìndé wò ó, ó pòṣé, ó di ìtàkùn mú, ó gùn ún lọ.

Ó ti mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ti rìn tó ogún ìṣísẹ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ méjìlá náà tó dìde nínú rẹ̀: Ẹ fẹ́ràn àwọn ọ̀tá yín. Ó gbé e mì. Ó tún dìde. Ó há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin yìí kábàámọ̀ pé òun kọ́ ẹsẹ náà! Ó bú Ìyá Eléèédú. Ó bú ewúrẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó lọ, ó dúró.

“Bọ̀dá, kí ló dé?” ni Àkàngbé bi í.

“Dákẹ́,” ló wí. Ó padà, ó ju ìtàkùn sílẹ̀, ó sì fa ọba jáde, ó ń kùn bí agbọ́n.

Ọba Akàwémọ́lẹ̀ jókòó nínú erùpẹ̀, orí rẹ̀ kékeré láìsí fìlà. “O ti lọ,” ló wí. “Kí ló mú ọ padà?”

“Ọ̀rọ̀ kan ni.”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ fún un. Ọba yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n fọ èdè àjèjì sí. Ó ti kà á nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò sì gbọ́ ọ rí. “Ó dára,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ó le. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?”

Wọ́n délé ní ọ̀sán gangan. Àwẹ̀ró gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn méjì lójú àgbàlá, ó sì dìde láìmú ọ̀pá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ lọ́jọ́ náà, èmi kì yóò fi ẹnu bà á jẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ kún fọ́fọ́. Wọ́n ti gbọ́ òkìkí rẹ̀. Wọ́n ní kí Ọdẹ́rìndé bọ́ síwájú kó sọ iye ẹsẹ tó mọ̀ fún wọn. Ó dìde, ó na ìka méjì sókè, ó wò wọ́n.

“Méjìlá ni mo kà sórí, méjì ni mo mọ̀,” ló wí. “Ẹ̀kẹta ń bá mi jà lọ́wọ́. Mo fa ọ̀tá mi jáde nínú kòtò lóòótọ́, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ yìí, bí mo bá rántí rẹ̀, mo ṣì ń pòṣé.”

Ó jókòó. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde lọ sílé yín. Ẹnu mi ti gbẹ, àwọn mìíràn nínú yín kò sì tíì tó ewúrẹ́.